Ẹsẹ̀ Tó Lágbára Lẹ́yìn Ọgọ́ta Ọdún: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Òṣogbo

Àgbẹ̀ tó roko láti òwúrọ̀ di ọ̀sán lè rò pé òun ti ṣe eré ìdárayá tó. Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ́ kúkúrú máa ń mú èèyàn tẹ̀ láti ìbàdí ni. Ẹ̀yìn ló ń jìyà, itan ò fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe. Ìyá tó jókòó ti igbá rẹ̀ ní Ọjà Ọba látàárọ̀ ńkọ́? Itan tiẹ̀ sinmi jù.

Láti ìgbà tí èèyàn bá ti tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ẹran ara ti ń dín kù, ìdá 3 sí 8 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn 60. Họ́mónù, àwọn ìránṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri ara, lọ́wọ́ sí i. Testosterone ọkùnrin ń rọra lọ sílẹ̀, bí ìdá 1 nínú 100 lọ́dún. Ti obìnrin kì í rọra: bí nǹkan oṣù bá ti dúró, estrogen á já wálẹ̀, egungun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta abẹ́rẹ́ àti oògùn "agbára" ti ń rí tiwọn jẹ. Lọ́dún 1990, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún ọkùnrin tó ti lé ní 60 ní họ́mónù ìdàgbàsókè fún oṣù 6. Iṣan pọ̀, ọ̀rá dín kù, ariwo sì ta. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e rí i pé agbára ò bá iṣan náà wá, àmọ́ ara wíwú, oríkèé ríro àti ṣúgà gíga bá a wá. Testosterone tó bá ń tìta wọlé náà máa ń mú kí ara dáwọ́ tirẹ̀ dúró. Dókítà nìkan ló lè kọ ọ́ fúnni, lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ọdún 1990 yẹn kan náà ni àwọn arúgbó 10, ẹni ọdún 86 sí 96, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gbé ẹrù wíwúwo. Mẹ́sàn-án parí ọ̀sẹ̀ 8 náà, agbára itan wọn sì ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹ kọ́kọ́ dán ẹsẹ̀ yín wò: ẹ gbé àga tí gíga rẹ̀ tó orúnkún ti ògiri. Àpótí ìdáná kúrú jù, á ni orúnkún lára. Ẹ ká ọwọ́ sáyà, ẹ dìde tán, ẹ jókòó. Kí ẹnì kan máa ka iye rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Fún ẹni ọdún 65 sí 69, bí ọkùnrin ò bá lè ṣe é tó 12, tàbí obìnrin 11, ẹsẹ̀ ti ń rọ̀.

Ìdìde-jókòó yìí náà ni eré ìdárayá yín. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín: ìgbà 8 sí 12, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì, ẹ tún un ṣe, títí á fi di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta bí ẹ ti ń jókòó. Ẹ mí síta bí ẹ ti ń dìde. Ẹni tó bá sé èémí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga lójijì. Bí 12 bá ti rọrùn, ẹ kó píọ́ wọ́tà 50 cl méjì sínú báàgì, ẹ gbá a mọ́ àyà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bí ìdajì kílò. Bí ìyẹn náà bá tún rọrùn, ẹ fi méjì kún un. Èyí lọ̀pọ̀ kì í ṣe: wọ́n á ṣe oṣù mẹ́ta láìfi nǹkan kan kún ẹrù, iṣan ò sì rí ìdí tó fi yẹ kó le sí i.

Ẹ rìn ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ 5 lọ́sẹ̀, kí ọkọ̀ tó kún ọ̀nà Òkè-Fìà. Ìrìn tó yẹ ni èyí tẹ́ ẹ lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tẹ́ ò lè kọrin. Lẹ́yìn iyán tàbí àmàlà, ìrìn ìṣẹ́jú 10 dára gan-an, nítorí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láìdúró de ínsúlínì, họ́mónù tó ń darí ṣúgà.

Ògì lásán láàárọ̀ ò lè kọ́ iṣan. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò èròjà amúaradàgbà gíráàmù 60 sí 72 lóòjọ́. Ẹyin kan ní bíi 6, ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín ti ògì náà. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Bí ìfúnpá bá tó 180/110, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kó fi ṣúgà sítòsí: bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó, kó dúró, kó là á. Àyà tó bá fún pinpin, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn sára kàlẹ́ńdà ògiri. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ẹ tún un kà. Bí kò bá lé sí i, ẹ wo báàgì yẹn, kẹ́ ẹ sì wo abọ́ òwúrọ̀.