Bí 71 àti 48 Ṣe Kó Mi Síṣẹ́ Nídìí Ìgbéléwọ̀n Àwọn Olùkọ́ Tó Ń Kọ́ṣẹ́

Inú ló bí mi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí, ó sì ṣì ń bí mi díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ìdánwò dá èsì gbogbo àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ tó wà lábẹ́ mi padà, wọ́n ní àwọn kò lè gbà á wọlé. Kí ló dé? Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan lẹ́nu iṣẹ́ la jọ wọ kíláàsì kan, tí a jọ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Mo fún un ní 71. Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní 48. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ̀wé ẹ̀hónú, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́, nítorí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kọ́, kì í ṣe méjì.

Ohun tó mú orí mi gbóná gan-an ni ojútùú tí ọ́fíìsì mú wá. Wọ́n ní ká ro méjèèjì pọ̀, ká pín in sí méjì, ká sì fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyẹn jẹ́ 59 àti ààbọ̀. Lójú tèmi, ọmọ náà mọṣẹ́. Lójú ẹ̀gbọ́n mi, ó yẹ kó padà lọ kọ́ ọ. Kò sí ẹnì kankan nínú àwa méjèèjì tó gbà pé 59 ló tọ́ sí i. Máàkì tí ẹnikẹ́ni kò fún un ni wọ́n fẹ́ ká buwọ́ lù. Mo ní n kò ní ṣe é. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe di tèmi, torí ẹni tó bá ní òun kò ní ṣe é ni wọ́n máa ń ní kó lọ wá ọ̀nà mìíràn.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ nọ́ọ̀tì ẹ̀kọ́ wò, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n sì ń buwọ́ lù ú, gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ló mọ̀ ọ́n. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù méjèèjì sílẹ̀, mo ń fi ìlà wé ìlà. Lórí ìmúrasílẹ̀, máàkì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Lórí lílo pátákó náà, kò sí wàhálà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ìlà kan tí wọ́n kọ “Ìṣàkóso kíláàsì” sí, tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 20. Mo fún un ní 16, ẹ̀gbọ́n mi fún un ní 6. Máàkì mẹ́wàá ti lọ lójú kan. Mẹ́tàlá tó kù wá fọ́n ká sórí àwọn ìlà mìíràn: méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, títí kan ohun èlò ìkọ́ni, tó jẹ́ pé àwòrán kan náà ni àwa méjèèjì rí lára ògiri. Ẹni tí ariwo ti bí nínú kò ní rí i pé àwòrán dára.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1920 ni Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí bí àwọn ọ̀gá ológun ṣe ń fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn ní máàkì. Ó rí i pé ẹni tí ọ̀gá bá ti fún ní máàkì gíga lórí ìrísí ara, máàkì gíga náà ni yóò gbà lórí ọpọlọ, lórí ìwà, àti lórí bó ṣe lè darí ènìyàn, bí ẹni pé ohun kan náà ni gbogbo wọn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ fọ́ọ̀mù wa ṣì to gbogbo ìlà tẹ̀lé ara wọn bí ẹni pé ìkan kò lè ran èkejì.

Mo rò pé bí mo bá ti rí ibi tó ti bàjẹ́, àtúnṣe yóò yá. Kò yá o. Ìlà kan ṣoṣo yìí ló gba àkókò mi ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì ọ̀hún. Ẹ̀kọ́ nípa wíwọn gígùn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ náà pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ó fún wọn ní okùn àti rúlà, ó ní kí wọ́n wọn àga, tábìlì àti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Kíláàsì wo nìyẹn? Ọjà ni!” Mo ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní olùkọ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ọmọ kì í là á lóhùn. Mo bi wọ́n báwo ni ẹni mẹ́rin ṣe lè jọ wọn tábìlì kan láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n má fi ìwé ìgbàlódé yọ àwọn lẹ́nu. Àgbà ni wọ́n jẹ́ sí mi, n kò lè dá a padà bó ṣe wà lẹ́nu mi.

Ọ̀sẹ̀ ń lọ. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, tiwọn a dí. Ni ọ́fíìsì bá tún gbọ́n ọgbọ́n mìíràn: wọ́n ní ká pe ẹnì kẹta sí i. Ẹnì kẹta gba nọ́ọ̀tì ẹ̀kọ́ ọmọ náà, ó ṣí i síwá sẹ́yìn, ó fún un ní 60. Kò dé kíláàsì yẹn. Kò tilẹ̀ béèrè iye ọmọ tó wà níbẹ̀. Inú ọ́fíìsì dùn nítorí 60 sún mọ́ 59 àti ààbọ̀. Mo jáde síta kí n má baà sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ.

Ohun tó tú okùn náà ni ìwé kékeré tí mo máa ń kọ nǹkan sí. Àṣà mi ni pé n kì í kọ máàkì kankan nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni mò ń kọ. Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi: “Ìṣẹ́jú kẹtàlá, ó gbọ́wọ́ sókè, kò sọ̀rọ̀, kíláàsì dákẹ́ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú kejìlélógún, bákan náà.” Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, “Òótọ́ ni, wọ́n dákẹ́.” Wọ́n wá ní ṣé mo rí àwọn ọmọ méjì tó wà lẹ́bàá fèrèsé lẹ́yìn, tí wọn kò fọwọ́ kan okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí? Ẹ̀gbẹ́ iwájú ni mo jókòó sí, ojú àwọn ọmọ ni mò ń wò. Ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí, níbi tí ariwo ti pọ̀ jù, tí ẹni tó ń ṣọ̀lẹ sì ti hàn kedere. Ibi ìjókòó ló fa apá kan ìjà wa! Láti ìgbà náà, bí ẹni méjì bá lọ wo kíláàsì, mo máa ń rí i dájú pé ìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú, ìkan lẹ́yìn, kí wọ́n sì ka ohun tí wọ́n kọ fún ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.

Nígbà tí èyí yé wa, a tún ìlà náà kọ. Charlotte Danielson gbé ìlànà kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, ó pín iṣẹ́ olùkọ́ sí ẹ̀ka mẹ́rin àti ìlà 22, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìpele mẹ́rin, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní àlàyé tirẹ̀. N kò kó o bó ṣe wà, ó gùn jù fún ẹni tó ní ẹ̀kọ́ kan láti wò. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà kò gbọdọ̀ dá dúró láìní gbólóhùn. Tiwa wá di báyìí: máàkì 5: olùkọ́ pe kíláàsì, ọ̀pọ̀ kò dá a lóhùn; 10: wọ́n dá a lóhùn lẹ́yìn tó ti pè léraléra; 15: ó pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dákẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì wà nídìí iṣẹ́; 20: àwọn ọmọ fúnra wọn mọ ohun tó kàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo. A kò dárúkọ ariwo níbì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi kún un pé bí ọmọ kan bá jókòó lásán jálẹ̀, 15 kò ṣeé kọjá. Mo kọ́kọ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ìlà tó dára jù níbẹ̀ nìyẹn.

A wá dán an wò lórí fídíò. Ibi tí a ti rí fídíò rọrùn: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe microteaching kí wọ́n tó jáde lọ sí ilé ìwé. Yunifásítì Stanford ni Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1963: ẹ̀kọ́ kúkúrú, ọmọ díẹ̀, kí olùkọ́ wo ara rẹ̀, kó sì tún un kọ́. A wo ó, a fún wọn ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìsọ̀rọ̀, a wá fi wéra. Àlàfo kọ́kọ́ fẹ̀, ó sì ń dín kù bí a ṣe ń lọ, títí tí ó fi di máàkì méjì tàbí mẹ́ta. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, n kò ní fi pamọ́.

Ibi tí mo ti fi ìtara pa ara mi ni ọ̀nà tí Ned Flanders, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ fún kíka ọ̀rọ̀ inú kíláàsì. Ìsọ̀rí mẹ́wàá ni: méje fún ọ̀rọ̀ olùkọ́, méjì fún ọ̀rọ̀ ọmọ, ìkan fún ìdákẹ́jẹ́ tàbí ìdàrúdàpọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni èèyàn yóò máa kọ nọ́ńbà ìsọ̀rí sílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ogún láàárín ìṣẹ́jú kan, 800 nínú ẹ̀kọ́ ogójì ìṣẹ́jú. Ọwọ́ ń dùn mí, ojú ń ro mí, mo sì fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Síbẹ̀, ìwọ̀nba tí mo kọ fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí gbogbo wa ń yìn pé àwọn ọmọ ń kópa, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Èyí tó rọrùn tí mo sì mú lò ni ti Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà mìíràn, tó rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè; bó bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn ọmọ a máa gùn sí i, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ a sì máa pọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á sínú láìlo ìwé.

A padà lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ẹ̀hónú nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Mo fún un ní 66, ẹ̀gbọ́n mi fún un ní 63. Kó tó jókòó ló ti ń béèrè, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, máàkì mélòó ni mo gbà?” Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò yí padà bí wọ́n bá ní kó tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, torí tí nọ́ńbà bá ti jáde, etí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ẹ tún ṣọ́ ẹ̀kọ́ àtúnkọ́ o: bí àwọn ọmọ bá ń dáhùn kí ìbéèrè tó parí, wọ́n ti kọ́ ọ lánàá nítorí yín ni. Mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kan kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní kó fi ìwé àná hàn mí.

Ọ́fíìsì gba èsì náà. Wọ́n gba ìwé àlàyé tí a kọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àfikún ni wọ́n pè é, ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ni kí a máa fi pín-ìnnì so ó mọ́. Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ wà bó ṣe wà. “Ìmúra olùkọ́” ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú máàkì mẹ́wàá, láìsí gbólóhùn kan. Bàtà ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń kọ́kọ́ wò. Èmi máa ń fún gbogbo wọn ní 8, a kò sì tíì fẹnu kò lórí ìyẹn.