Oríkèé Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: Bí Mo Ṣe So Férémù Irin Ilé Ìkẹ́rùsí Kan Pọ̀

Ẹ̀gbẹ́ títì Èkó sí Ìbàdàn ni ilé ìkẹ́rùsí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ó fẹ̀ ní mítà 18, ó sì gùn ní mítà 24. Férémù irin márùn-ún ni ó gbé òrùlé rẹ̀ dúró, mítà mẹ́fà-mẹ́fà sì ni ó wà láàárín wọn. Èmi ni mo ṣe ìṣirò rẹ̀, èmi náà ni mo sì dúró ti àwọn oníṣẹ́ títí iṣẹ́ fi parí. Irin tí a ó lò fún ọ̀pó àti òrùlé kò gbà ju ọjọ́ kan lọ láti yàn. Oríkèé, níbi tí irin méjì ti pàdé, ni ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Mẹ́wàá wà ní orí àwọn ọ̀pó, márùn-ún wà ní ṣóńṣó òrùlé.

Ti orí ọ̀pó ni ó ṣòro jù. Nínú ìṣirò mi, agbára tí ó fẹ́ ṣẹ́ férémù níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 190 kNm (kílónútìnì-mítà, òṣùwọ̀n agbára tí ń tẹ irin). Ẹni tí ó ni iṣẹ́ fẹ́ kí a kàn jó péléètì mọ́ ẹnu irin òrùlé, kí a sì fi bóòtì dè é mọ́ ọ̀pó. Irin náà ga ní mílímítà 406, nítorí náà àyè tí ó wà láàárín ibi tí bóòtì ti ń fà lókè àti ibi tí péléètì ti ń ti ọ̀pó nísàlẹ̀ kò ju bíi mílímítà 350 lọ. Bí a bá pín 190 sí mítà 0.35, a ó rí 543 kN (kílónútìnì, òṣùwọ̀n agbára tí ń fà tàbí tí ń tì), èyí tí bóòtì mẹ́rin tí ó wà lókè yóò pín gbé: 136 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bóòtì M20 oní-8.8, ìyẹn èyí tí ó nípọn ní mílímítà 20, tí 8.8 sì jẹ́ àmì bí irin rẹ̀ ṣe le tó, lè gba 141 kN kí ó tó já. Alábàáṣe mi wo 136, wọ́n wo 141, wọ́n ní ó ti tó. Mo ṣàlàyé fún wọn pé péléètì kì í dúró gbọnrangandan bí a bá ń fà á. Ó máa ń tẹ̀, etí rẹ̀ á fi ara ti ọ̀pó, á sì máa fi kún ẹrù tí ó wà lọ́rùn bóòtì, gẹ́gẹ́ bí òòlù tí ìdí rẹ̀ là sí méjì ṣe ń fa ìṣó yọ. Ohun tí ó ṣẹ́ kù, kN márùn-ún, kò lè ru ìyẹn. Mo ní kí wọ́n gé irin onígun mẹ́ta, kí wọ́n jó o mọ́ abẹ́ irin òrùlé níbi tí ó ti bá ọ̀pó pàdé, kí àyè náà lè di mílímítà 700. Ẹrù bóòtì kọ̀ọ̀kan wá sọ̀ kalẹ̀ sí 68. Irin díẹ̀ ni a fi kún un, ọkàn mi sì balẹ̀.

Mo fi bóòtì mẹ́rin mìíràn sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Òrùlé páànù fúyẹ́, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò sì lè gbé e sókè débi pé ibi tí ó ń tì tẹ́lẹ̀ yóò di ibi tí ó ń fà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń gbàgbé èyí.

Àṣìṣe tèmi ni ó kàn. Nígbà tí a to férémù àkọ́kọ́ sílẹ̀ láti dán an wò, bàbá tí ó jẹ́ olórí àwọn ajórin pè mí, wọ́n ní, “Ẹnjiníà, ẹ wá fi ọwọ́ ara yín dè é.” Mo ti ya irin àtìlẹ́yìn, ìyẹn péléètì tí a jó sínú ọ̀pó kí ó má baà tẹ̀, sínú ọ̀pó ní mílímítà 25 sí àárín ihò bóòtì. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n wáṣà M20 fẹ̀ ní mílímítà 37, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 18.5, ojú ìjópọ̀ irin àtìlẹ́yìn náà gba mílímítà 8 nínú 25, ó ku 17. Wáṣà gun orí ìjópọ̀, ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, sípánà kò sì ríbi yí. Mo tún ìṣirò ṣe, mo rí i pé ìjópọ̀ mílímítà 6 tó, a sì fi gíráńdà fá a títí wáṣà fi jókòó. A di nọ́ọ̀tì mú, orí bóòtì ni a yí. Fún férémù mẹ́rin yòókù, mo gbé ihò jìnnà sí 45. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì ya oríkèé kan láìya sípánà sí i lára.

Bàbá náà tún fẹ́ kí a yọ bóòtì méjì ti àárín kúrò ní ṣóńṣó òrùlé, nítorí pé ó dà bíi pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Mo kọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1981, afárá ìrìn inú òtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City, ní Amẹ́ríkà, já lulẹ̀, ènìyàn 114 sì kú. Ọ̀pá irin gígùn kan ni ó yẹ kí ó gba inú afárá òkè lọ gbé ti ìsàlẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di méjì kí iṣẹ́ lè rọrùn, nọ́ọ̀tì tí ó wà lábẹ́ afárá òkè sì wá ń ru ẹrù afárá méjèèjì. Mo sọ ìtàn náà fún wọn, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì lọ mú díríìlì.

Ní ti ìjópọ̀, ibì kan wà tí wọ́n gé irin onígun mẹ́ta kúrú, àlàfo mílímítà 7 sì ṣí sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ki irin rọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, ó sì jó o bò mọ́lẹ̀; ojú rẹ̀ dán bí awo. Ohùn tí ó ń mú jáde nígbà tí mo fi òòlù kàn án ni ó mú mi fura. A gé e sílẹ̀, irin náà sì jábọ́. A gé irin onígun mẹ́ta tuntun.

Bóòtì tí a kọ́kọ́ rà kò ní àmì 8.8 lórí, a sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Bóòtì ìpìlẹ̀ méjì ti yẹ̀ kúrò ní àyè wọn nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré, nítorí pé a kò fi páìpù yí wọn ká kí a lè rí ibi tì wọ́n sí. Péléètì ìdí ọ̀pó méjì ni a tún ṣe.

Nígbà tí gbogbo férémù ti dúró, tí a sì ti dè wọ́n, mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara péléètì ní gbogbo oríkèé, bóòtì 120 lápapọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n kan páànù, tí òjò líle ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo gun àkàbà lọ wò wọ́n. Ìlà mẹ́ta ti ṣẹ́, ìyẹn ni pé nọ́ọ̀tì wọn ti yí. Inú férémù àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn wà, níbi tí sípánà kò ti ráyè. Mo tún wọn dè, mo sì fa ìlà tuntun.