Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Idà Àwọn Sàmúráì

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ idà àwọn sàmúráì, ìyẹn àwọn jagunjagun Jàpáàn àtijọ́, bí yóò ṣe fi gé nǹkan ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Bí ènìyàn ṣe ń dá idà padà sínú àkọ̀ la fi ń mọ ẹni tó gbọ́ iaido, ìyẹn iṣẹ́ idà yíyọ àwọn ará Jàpáàn. Hayashizaki Jinsuke, ọmọ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni wọ́n kà sí baba ńlá iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1876, ìjọba fòfin de gbígbé idà kiri ìgboro, síbẹ̀ àwọn olùkọ́ kò jẹ́ kí ìmọ̀ náà parun.

Olùkọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wá. Fídíò kò lè rí i pé èjìká yín ti gbé sókè. Ẹ lọ jókòó wo kíláàsì kan kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Bí àwọn àgbà ibẹ̀ bá ń fi ìkánjú ti idà bọ àkọ̀, ẹ wá ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń fi ìlànà méjìlá tí ẹgbẹ́ kendo (eré ìjà idà) gbogbo Jàpáàn ṣètò bẹ̀rẹ̀: méje ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1969, wọ́n fi mẹ́ta kún un ní 1980, àti méjì ní 2000.

Ẹ má ra idà tó mú. Bokken, idà onígi tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan, ti tó, pẹ̀lú àkọ̀ oníke rẹ̀. Tó bá yá, ẹ máa lo iaito, idà ìdánrawò tí wọn kò pọ́n ojú rẹ̀, àmọ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ lè gúnni. Kí ẹ tó gbé e rárá, ẹ wo èèkàn ọparun kékeré tó wà lára èèkù. Bí èèkàn yẹn bá tú, irin lè fò jáde lu ẹni tó wà níwájú yín.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Títẹ èèkù náà gan-an lẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ń di ìsàlẹ̀ mú, kí ìka ọmọńdinrín wà ní ìparí èèkù. Ọ̀tún wà lókè, nítòsí irin róbótó tí wọ́n ń pè ní tsuba. Ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e ló ń mú un gírígírí. Kí àtàǹpàkò rọ̀. Ẹ yí ọwọ́ méjèèjì sínú bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Ẹ gbé idà kọjá orí, kó sì wálẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá ń fi agbára apá ọ̀tún fà á wálẹ̀, idà rẹ̀ á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìlànà àkọ́kọ́ nínú méjìlá náà ń jẹ́ Mae. Orí ìkúnlẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì fojú inú rí ọ̀tá níwájú. Àtàǹpàkò òsì á ti tsuba díẹ̀ kí idà lè tú nínú àkọ̀. Ọ̀tún á fà á jáde, òsì á fa àkọ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ síwájú, ẹ ó sì gé e ní ìbú. Lẹ́yìn náà lẹ ó gbé e lókè orí, ẹ ó gé e wálẹ̀, ẹ ó gbọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù.

Ó wá ku dídá a padà. Ọwọ́ òsì á bo ẹnu àkọ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn idà, ibi tí kò mú, lé àárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fà á jẹ́jẹ́ títí ṣóńṣó fi bọ́ sẹ́nu àkọ̀. Àkọ̀ á wá pàdé idà. Ẹ má wolẹ̀. Ojú ṣì wà lára ọ̀tá tó ṣubú. Ibí yìí ni idà tó mú ti ń gé ọwọ́ ẹni tó ń kánjú. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà pé ká má fi òsì fúnni ní nǹkan, òsì yìí ni ẹ̀kọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wo fáànù, kí ẹ lé àwọn ọmọdé jáde, kí ẹ sì lo bokken. Tí àtàǹpàkò òsì bá ti mọ ibi tó ń lọ láìjẹ́ pé ẹ wò ó, olùkọ́ yín ló máa sọ pé ó tó àkókò láti ra iaito.