Ẹ Wa Mọ́tò Yín láti Abuja Dé Yankari: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Pàgọ́ Láìjìyà

Ẹ̀yin ará Kubwa àti Lugbe tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé ibo lèèyàn lè kó téǹtì lọ, ọ̀nà Jos sí Bauchi sí Yankari, ọgbà ẹranko ìgbẹ́ tó wà ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, ni mo máa ń sọ. Àpáta wà ńbẹ̀, adágún wà ńbẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń sun látinú ilẹ̀ náà wà ńbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà téèyàn á kàn máa sùn síbi tó bá wù ú o. Kẹ́ ẹ tó di ẹrù rárá, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ ibi tó ní géètì àti ọlọ́dẹ, kẹ́ ẹ sì pe ẹnì kan tó ń gbé ní Jos àti ẹnì kan ní Bauchi láàárọ̀ tẹ́ ẹ máa gbéra kí wọ́n sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Tí wọ́n bá ní ẹ má wá, ẹ jókòó sílé jàre, Yankari ò ní sá lọ.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ló dáa jù. Lásìkò òjò koríko á ga, omi á wà káàkiri, erin ò ní ìdí tó fi máa jáde, ṣùgbọ́n tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, odò Gaji tó wà nínú Yankari ni wọ́n máa ń wá mumi. Ẹ mú òrí dání nítorí ètè, ẹ sì mú bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, torí Jos ga ju mítà 1,200 lọ, òtútù òru ibẹ̀ lásìkò ọyẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Abuja.

Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀. Lẹ́yìn Keffi àti Akwanga, òkè Hawan Kibo lẹ máa gùn, tírélà á sì máa wọ́ níwájú yín, ẹ má ṣe ovatéèkì ní kọ́ọ̀nà, tí ẹ́ńjìnnì bá sì fẹ́ máa gbóná ẹ pa AC. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra, torí ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíréèkì á gbóná débi pé kò ní mú mọ́, jíà kejì ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ kalẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ọ̀tọmátíìkì.

Àwọn adágún tẹ́ ẹ máa rí ní agbègbè Bukuru àti Jos, ihò tí àwọn awakùsà tíìnì gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ ya fọ́tò, ẹ má lúwẹ̀ẹ́, wọ́n gbẹ́ etí ẹ̀ wálẹ̀ ṣánṣán ni, ẹsẹ̀ kan péré lẹ máa gbé tó máa di jíjìn.

Bauchi ni kẹ́ ẹ ti fi epo kún táǹkì, kẹ́ ẹ ra omi, kẹ́ ẹ gba kéèṣì, torí ó ku bíi kìlómítà 110, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Tí Hausa yín ò bá ju “nawa ne” (èló ni) lọ, ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dání.

Tẹ́ ẹ bá dé Wikki, ibi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn wà nínú Yankari, ẹ béèrè ibi tí wọ́n bá gbà kẹ́ ẹ pàgọ́ sí. Wàyí o, ọ̀bọ baboon! Wọ́n á jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín bí agbèrò tó ń dúró de owó ẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì ti kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, búrẹ́dì ti lọ tòun ti ọ̀rá ẹ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò tẹ́ ò tì, nítorí náà ẹ wín gíláàsì sókè, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í, gbogbo oúnjẹ inú búùtù ni, kódà bísíkíìtì ọmọ ò gbọdọ̀ sun inú téǹtì.

Omi Wikki, ìwọ̀n 31 lórí Celsius ló máa ń wà tọ̀sán tòru, ó mọ́ débi pé ẹ máa rí yanrìn ìsàlẹ̀ ẹ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, àmọ́ kẹ́ ẹ gbé táwẹ́ẹ̀lì sétí omi kó tó di pé ẹ fẹ́ jáde.

Ẹ má fò Marshall Caves, ihò 59 tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sínú òkúta yanrìn. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí réńjà ṣíwájú, torí ẹranko náà máa ń sá fún oòrùn wọ ibẹ̀.