Ọ́ìlì Ń Jò Lára Máṣíìnì Àtijọ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Iṣẹ́ Kékeré Di Ńlá

Ọ̀kadà Honda CG125 kò tíì tán lójú ọ̀nà ilẹ̀ Okun. Láti Kàbà títí dé Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ẹ ó ṣì rí wọn tí wọ́n di iṣu ru sẹ́yìn, tí wọ́n ń gun òkè lọ. Ọdún 1976 ni Honda gbé e jáde, ọ̀pá ló sì ń ṣí fáàfù rẹ̀ (ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà), kò sí ṣéènì kankan tó ń gòkè lọ sínú orí ẹ́ńjìnì. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó máa pẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti dàgbà, ọ́ìlì á máa yọ lára rẹ̀, àti lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn. Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í ṣe jíjò yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àtúnṣe tí wọ́n fi kánjú ṣe ló ń pa wọ́n.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn gba ibi tí ọ́ìlì ti ń kán gbọ́. Wọ́n á rí i nílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n á ní nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ni. Ọ́ìlì kì í dúró lójú kan. Ó ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn bí máṣíìnì ṣe ń sáré. Bí páànù ilé bá lu, ihò náà lè jìnnà sí ibi tí omi ti ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì, torí omi ti tọ igi àjà wá. Nítorí náà, ibi tó ga jù, tó sì sún mọ́ iwájú jù lọ, nínú gbogbo ibi tí ọ́ìlì ti rin, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ ò sì lè rí ibẹ̀ bí ara ẹ́ńjìnì bá dọ̀tí. Nígbà ọyẹ́, erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà wa a máa lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì títí yóò fi le koránkorán, tí gbogbo rẹ̀ á dúdú bákan náà. Ẹni tó bá wo irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, tó sì sọ fún yín pé òun ti mọ ibi tó ń jò, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù dáadáa. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ọṣẹ ṣan án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, torí iná. Ẹ má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tú omi sára ọkọ̀: agbára omi yẹn lè kọjá létí síìlì, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́ ìdí ọ̀pá, wọnú ẹ́ńjìnì, ó sì lè wọ káábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́.

Bó bá ti gbẹ, ẹ bu páúdà ọmọdé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sára rẹ̀. Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí ìdúró, ẹ wò ó. Ẹ gùn ún dé ọ̀nà oko kí ẹ padà wá, ẹ tún wò ó. Ọ́ìlì á fa ìlà dúdú sára páúdà, ẹ ó sì tọ ìlà náà gòkè lọ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àkókò tó ń jò náà ní ohun tó ń sọ. Bó bá jẹ́ pé òru nìkan ló ń kán, nígbà tí máṣíìnì fẹ̀gbẹ́ tì sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá òsì, ẹ wo apá òsì nísàlẹ̀: síìlì ọ̀pá gíà, síìlì ẹ̀yìn eyín ṣéènì iwájú, ìdérí sẹ́ẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ọ́ìlì. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ nìkan ni, ẹ gbójú sókè: ìdérí fáàfù, gáskẹ́ẹ̀tì orí (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì), tàbí ibi tí sílíńdà ti jókòó.

Gọ́ọ̀mù gáskẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Wọ́n á fi kun etí ìdérí láti òde, ọ́ìlì á sì tún gba abẹ́ rẹ̀ jáde, torí gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ́ìlì bá wà. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n fi púpọ̀ sínú. Ohun tó bá yọ síta lẹ̀ ń rí. Irú rẹ̀ náà ti yọ sínú, ó máa já, á sì lọ dí sẹ́ẹ́ tàbí ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Orí ẹ́ńjìnì á wá máa ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ. Ewu kan náà ló wà nínú gáskẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi páálí gé láìgé gbogbo ihò rẹ̀ pé.

Àṣìṣe mìíràn ni kí wọ́n máa fún bọ́ọ̀tì ìdérí títí kó má bàa jò. Ara ẹ́ńjìnì jẹ́ alumíníọ̀mù, eyín inú ihò bọ́ọ̀tì máa ń bó. Ìdérí tó ti tẹ̀ kò ní tọ́ nítorí pé ẹ fún un. Ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i.

Ọ̀rọ̀ èémí ẹ́ńjìnì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì pisítìnì (òrùka irin tó yí pisítìnì ká nínú sílíńdà) sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì, rọ́bà kan sì wà tó ń gbé e jáde. Bí ẹrẹ̀ bá dí rọ́bà yẹn, tàbí tó ká kò, tàbí tí kòkòrò fi amọ̀ kọ́lé sí i nígbà tí máṣíìnì wà ní ìgbélé, afẹ́fẹ́ náà á wá ọ̀nà mìíràn. Yóò ti ọ́ìlì jáde létí síìlì. Ẹ ó pààrọ̀ síìlì kan, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ibi tó ń jò bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ yọ rọ́bà èémí, ẹ fẹ́ ẹnu sí i, kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bó bá là, tí jíjò kò sì dáwọ́ dúró, ẹ ṣí ojú ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ fùù fùù, ríìngì ti jẹ, síìlì kọ́ ni.

Ọ́ìlì tó pọ̀ jù a máa fa irú wàhálà yìí pẹ̀lú. CG125 kò gbà ju nǹkan bíi lítà kan lọ. Ẹ dá a dúró gbọọrọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ nu ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ tì í bọ ihò láì yí i wọlé, kí ẹ wò ó. Bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, tó sì ń rùn bíi bẹntiróòlù, káábúrétọ̀ ló ń da epo sínú rẹ̀. Ẹ má gùn ún rárá títí ẹ ó fi tún un ṣe tí ẹ ó sì pààrọ̀ ọ́ìlì náà.

Lórí ọ̀kadà Suzuki AX100, ọ́ìlì gíà dá dúró lọ́tọ̀ sí èyí tí ẹ́ńjìnì ń jó. Bó bá ń dín kù, tí ilẹ̀ gbẹ, tí èéfín funfun sì ń pọ̀, síìlì apá kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń já ẹ́ńjìnì kúrò lára gíà) ló ń jẹ́ kó wọnú ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ ti tú orí irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ lásán.

Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ síìlì, ẹ má fi ìrin ha ara ọ̀pá tó ń yí nínú rẹ̀. Ojú tí sípíríǹgì wà ni kó kọjú sí ọ́ìlì. Bí síìlì àtijọ́ bá ti gbẹ́ ojú ọ̀pá náà, ẹ má ti tuntun dé ìdí. Ẹ jẹ́ kí ètè rẹ̀ bọ́ sí ibi tó ṣì ń dán.

Ẹ má sì da oògùn adájòdúró sínú ẹ́ńjìnì. Lórí CG125, inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń ṣiṣẹ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí òkè tòun tẹrù.

Jíjò tó kàn ń rin ara ẹ́ńjìnì lásán, tí kì í kán sílẹ̀, lè dúró di ìgbà tí iṣẹ́ oko bá dẹ̀, bí ẹ bá ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì ní àràárọ̀. Èyí tó ń ta sí táyà ẹ̀yìn tàbí bíréèkì kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la.