Hard drive méjì ni mo ti rà kí n tó mọ̀ pé power pack ni

₦58,000 ló bá a lọ. Hard drive tòkunbọ̀ méjì, ₦29,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún àìsàn tí kì í ṣe ti hard drive rárá, ti power pack ni, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan la fi ṣe sáfà, ibi tí à ń tọ́jú fáìlì gbogbo wa sí, ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wa n'Íbàdàn. Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, wà lórí SSD kékeré, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí kò ní mọ́tò nínú. Hard drive ńlá là ń kó àwòrán ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Láti ọjọ́ yìí wá, kò yọ wá lẹ́nu, àfi ìgbà tí bátìrì wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kú tó ń sọ pé ọdún 2009 la wà.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan, a ń kó fáìlì lọ, ó ṣàdédé dákẹ́, hard drive ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo tẹ `dmesg`, àṣẹ tó ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà hàn: "hard resetting link", ìyẹn ni pé ó ń tún bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ pẹ̀lú hard drive, kún ojú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà fún mi ní, "Ọ̀gá mi, hard drive yín ti lọ nìyẹn." Mo ra òmíràn, mo da àwòrán padà sí i. Ọjọ́ mẹ́ta péré, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo padà lọ bá a, ó ní bí ọjà tòkunbọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn, kí n mú òmíràn, ṣùgbọ́n kí n sanwó. Èmi náà sì san án! Ìyẹn ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Òru mẹ́ta ni mo fi jókòó ti `smartctl -a`, àṣẹ tó ń fi àkọsílẹ̀ ìlera hard drive hàn. Reallocated_Sector_Ct, iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò, òdo. Current_Pending_Sector, iye ojú ibi tí wọ́n ń fura sí, òdo. Hard drive tó ń kú kì í sábà mọ́ tóní bẹ́ẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà SATA tó so hard drive mọ́ mọ́dàbọ́ọ̀dù, mo gbé e sí ihò mìíràn lára mọ́dàbọ́ọ̀dù, pàbó. Òru kẹta ni ojú mi tó bọ́ sórí ìlà kan tí mo ti ń fò látọjọ́ yìí: Power_Cycle_Count, iye ìgbà tí iná ti kúrò lára hard drive tó sì tún padà. Nírọ̀lẹ́, 1,061 ni. Lóru, ó ti di 1,075. `uptime`, àṣẹ tó ń sọ bó ṣe pẹ́ tó tí kọ̀ǹpútà ti wà ní títàn, sì ní sáfà ò kú fún wákàtí 9. Ta ló wá ń pa hard drive, tó tún ń tàn án, nígbà 14?

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bẹ bàbá tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé kí wọ́n yá mi ní mítà. Wọn ò yá mi, àwọn fúnra wọn ló wá. Wọ́n fi ẹnu mítà kan wáyà yẹ́lò, tó yẹ kó gbé folti 12, àti dúdú: 11.9. Mo ní ó dáa. Wọ́n ní, "Fún un níṣẹ́ ṣe ná." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì: 11.3, 11.0, 10.7, kẹ́! Bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wálẹ̀ kọjá 11.4. Mọ́tò hard drive ló ń jẹ 12 folti yẹn. SSD ò bá a jẹ ńbẹ̀, folti 5 ni tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí Debian fi ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Bàbá tú power pack. Orí kápásítọ̀ mẹ́rin, àwọn ẹ̀yà rìbìtì tó ń tọ́jú iná pamọ́, ti wú bí àkàrà inú epo. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù: iná lè ṣì wà nínú kápásítọ̀ ńlá lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà lára ògiri. "Ọmọ mi, o ò gbọ́ òórùn rẹ̀ ni?" Mo ń gbọ́ ọ o. Mo rò pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni.

Power pack tuntun, ₦12,000. Ká ní mo ti wo ìlà kan yẹn kí n tó fọwọ́ bọ àpò! Mítà náà, ìgbà tí hard drive bá ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Tó bá ń sinmi, irọ́ ló máa pa fún yín.

Hard drive àkọ́kọ́ tí mo jù sábẹ́ tábìlì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo fi `mdadm`, ètò tó ń so hard drive pọ̀, so ọ̀kan mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ₦29,000 ni. Mi ò sì ní gbà á padà o.