Bí mo ṣe tú iṣan ẹ̀yìn àgbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo sì fi wé ti èèyàn

Ó ti pẹ́ tí àwòrán iṣan ẹ̀yìn èèyàn ti wà lára ògiri yàrá iṣẹ́ mi. Pupa ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n to àwọn iṣan náà síra wọn, wọ́n sì kọ orúkọ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Béèyàn fi ọdún kan wò ó, kò ní mọ èyí tó nípọn nínú wọn, kò ní mọ èyí tó rọ̀ tàbí èyí tó yi. Ẹ̀yìn èèyàn kò sì ṣeé gbé sórí tábìlì kéèyàn máa tú u wò. Ti ẹran ọ̀sìn ló ṣeé gbé. Iṣan tó wà lẹ́yìn àgùntàn, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tiwa, orúkọ kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara fi ń pe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìdajì àgbò kan tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti fi ayùn la ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì láti ọrùn dé ìrù. Mo tẹ́ ẹ síwájú àwòrán yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n pa á ni mo tó fọ̀bẹ kàn án, mo sì nídìí. Bí ẹran bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, iṣan rẹ̀ ṣì ń jó ṣúgà tó kó pamọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní glycogen. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò gbé afẹ́fẹ́ wá mọ́, ásíìdì ni ṣúgà yẹn ń dà. Ìwọ̀n pH, tó máa ń lọ sílẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀, tó wà ní nǹkan bí 7 á wá máa lọ sílẹ̀ títí á fi dé nǹkan bí 5.5 láàárín nǹkan bí wákàtí 24, ara ẹran á sì gan. Iṣan téèyàn bá já kúrò lára eegun kó tó gan, ṣe ló máa súnkì, kò sì ní ṣeé fi wé ohunkóhun mọ́. Mo jẹ́ kó gan, mo jẹ́ kó tutù.

Irinṣẹ́ mi ò pọ̀: ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mú dáadáa, òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi tí mo fi ń sàmì sára iṣan tí mo bá ti mọ̀, àti àtàǹpàkò mi. Àtàǹpàkò ló ṣiṣẹ́ jù. Láàárín iṣan kan sí èkejì, awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń wà. Tí ìka bá ti rí ojú ọ̀nà gba inú rẹ̀, iṣan méjèèjì á yà sọ́tọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibi tí iṣan bá ti lẹ̀ mọ́ eegun nìkan ni ọ̀bẹ ti wúlò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bá pàdé ò tiẹ̀ sí lára àwòrán ògiri mi. Iṣan pẹlẹbẹ kan ló bo ẹ̀gbẹ́ ẹran náà, apá kan rẹ̀ ti bá awọ lọ nígbà tí wọ́n ń bó o. Cutaneous trunci lorúkọ rẹ̀. Òun ni màlúù fi ń gbọn awọ ara rẹ̀ rìrì tí eṣinṣin bá bà lé e, tí kò sì ní gbé ẹsẹ̀. Èèyàn ò ní irú rẹ̀ lẹ́yìn. Mo ká a kúrò.

Trapezius àti latissimus dorsi, iṣan fífẹ̀ méjì tó bo èjìká àti ẹ̀yìn, ló tẹ̀ lé e. Wọ́n tín-ín-rín ju bí mo ṣe rò lọ, mi ò sì pẹ́ lórí wọn. Ìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ eegun pẹlẹbẹ èjìká ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mo wá eegun tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ara, mi ò rí ọ̀kan. Tiwa wà: eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti òkè igbá àyà lọ bá èjìká, tí kálukú lè fọwọ́ kàn nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀. Àgùntàn àti màlúù ò ní in. Iṣan lásán ló gbé ara wọn há sáàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, iṣan tó sì ń ru èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni serratus ventralis. Ó ki, fọ́nrán funfun líle sì gba inú rẹ̀ kọjá, débi pé ọ̀bẹ mi ń dún nígbà tó ń gé e. Èyí tó bá a mu lára èèyàn, serratus anterior, kì í ru ara. Ó kàn ń di eegun èjìká mú mọ́ ìhà ni, ó sì ń tì í síwájú tí a bá nawọ́. Bí mo ṣe já ti àgbò náà tán, odidi apá bọ́ sí mi lọ́wọ́, eegun kan ò sì ṣẹ́.

Ẹ̀yìn gan-an ló wá kù. Awọ funfun líle kan tẹ́ lórí ìbàdí. Mo là á lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn, mo sì ká a sí ẹ̀gbẹ́. Lára èèyàn, ọ̀wọ́ iṣan mẹ́ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀, tí àpapọ̀ wọn ń jẹ́ erector spinae: iliocostalis níta, longissimus láàárín, spinalis lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára àgbò náà, àmọ́ wọn ò pín ilé yẹn dọ́gba rárá. Longissimus ló gbà á. Ó ti eegun ìbàdí bẹ̀rẹ̀, ó kún gbogbo kòtò tó wà láàárín ṣóńṣó ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìhà, ó sì ń bá a lọ títí ó fi dé ọrùn. Iliocostalis kò ju ọ̀já tóóró kan lọ létí rẹ̀. Spinalis ò sì ní láárí títí mo fi sún mọ́ agbede èjìká, níbi tó ti ń nípọn sí i. Lára màlúù, òun ni ẹran tó dé orí longissimus lápá ìhà, tí àwọn tó mọ ẹran jẹ máa ń ṣa lọ́tọ̀.

Mo gé longissimus ní ìbú láàárín eegun ìhà 12 àti 13. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gé ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bá fẹ́ wo bí ẹran màlúù tàbí àgùntàn ṣe dára tó, torí ojú ibẹ̀ ń fi bí ẹran ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀ hàn. Ojú tó gùn róbótó ni mo rí, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, awọ funfun yí i ká. Mo tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Awọ tó yí i ká yẹn ń ya ẹ̀ka wọ inú, ó pín ẹran náà sí ìdì kéékèèké, ẹ̀ka mìíràn tí ojú lásán ò rí sì tún ń wé fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Kọ́lájìn, purotéènì líle tó ń so ẹran pọ̀, ló pọ̀ jù nínú awọ náà. Àárín àwọn ìdì yẹn náà ni ọ̀rá máa ń sá pamọ́ sí, tó tò bí ẹ̀kán funfun nínú pupa.

Mo gbé longissimus kúrò pátápátá. Ohun tó kù lára eegun ni multifidus, iṣan kúkúrú tó ń ti eegun ẹ̀yìn kan gòkè bọ́ sórí èyí tó wà ní eegun méjì sí mẹ́rin sókè rẹ̀. Àtàǹpàkò ò rí nǹkan ṣe níbí, fífi ọ̀bẹ ha á ni. Ó kéré. Ibí yìí gan-an ni àgbò àti èèyàn ti pínyà jù lójú tèmi. Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn èèyàn, lókè ìdí, multifidus ló nípọn jù lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn, nígbà tí longissimus níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di kìkì okùn funfun. Iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ló fà á. Ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń fi longissimus na ẹ̀yìn tó bá ń sáré. Àwa tó nàró, eegun ẹ̀yìn wa tò lórí ara wọn, ọ̀kan lórí èkejì, a nílò ohun tó máa di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú kó má yẹ̀. Ọ̀rá tó wọ inú ẹran náà kò níye kan náà. Lára màlúù, owó ló ń mú wá. Tó bá wọ multifidus èèyàn, gẹ́gẹ́ bí àwòrán ẹ̀rọ ṣe máa ń fi hàn lára àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́, iṣan tí kò ṣiṣẹ́ tó ni wọ́n máa ń kà á sí.

Mo yí i padà sínú. Eegun ọ̀pá ẹ̀yìn tó wà ní ìbàdí àgùntàn, mẹ́fà ni lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà míì méje, tiwa márùn-ún. (Ti ọrùn méje ni fún àwa méjèèjì, bí ọrùn ṣe wù kó gùn tó.) Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní apá pẹlẹbẹ gígùn tó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, longissimus wà lókè rẹ̀, psoas major wà nísàlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ psoas major ni okùn ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan, psoas minor. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, torí nǹkan bí ìdajì àwa èèyàn ni kò ní in rárá, wọn ò sì mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Mo tọ psoas major lọ dé ibi tó ti pàdé iliacus, iṣan tó tẹ́ sínú eegun ìdí, tí àwọn méjèèjì jọ lẹ̀ mọ́ inú eegun itan. Bákan náà ló rí lára wa, òun la fi ń gbé orúnkún sókè.

Psoas yìí ni fílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pariwo. Mo fún un láàárín ìka méjì, mo fún longissimus náà. Ìyàtọ̀ wọn ò fara sin: psoas rọ̀ ju longissimus lọ. Kọ́lájìn inú rẹ̀ kéré. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń gbé ẹran kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á, ìyẹn sì ń na psoas gbọọrọ kó tó gan, kò ráyè súnkì. Ó tún pupa ju longissimus lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì tètè ń ṣú.

Àwọ̀ yẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ohun tó wà nínú fọ́nrán fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ohun tí iṣan kún fún ni, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín èmi àti àgbò: omi tó nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, purotéènì tó nǹkan bí 20, èròjà bí iyọ̀ tó nǹkan bí 1, ọ̀rá sì gba èyí tó kù. Irú fọ́nrán ló yàtọ̀. Fọ́nrán afaradà pupa, ó ń lo afẹ́fẹ́, kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Fọ́nrán ayára ní agbára lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Nínú longissimus àgùntàn, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀, ayára ló pọ̀ jù. Ẹlẹ́dẹ̀ tiẹ̀ ní irú kan tó yára ju gbogbo ìyókù lọ, IIB, ó sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀; èèyàn ní apilẹ̀ àbùdá rẹ̀, síbẹ̀ iṣan tí a fi ń rìn tí a fi ń gbẹ́rù kì í lò ó. Nínú iṣan ẹ̀yìn èèyàn, afaradà ló ju ìdajì lọ. Láti àárọ̀ tí a bá ti dìde títí a ó fi sùn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sinmi.

Mo fọ ọwọ́, mo wá dán èyí tó kù wò lára mi. Mo nàró ṣánṣán, mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn mi lápá ìsàlẹ̀: ẹran ibẹ̀ rọ̀. Mo tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó le gbandi. Mo tẹ̀ títí mi ò fi lè tẹ̀ mọ́, ó tún rọ̀. Nígbà yẹn, iṣan ti dákẹ́, àwọn okùn líle àti awọ funfun tó wà lára ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń dá ẹrù náà gbé. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ẹ̀yìn ti ń ro látọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n ṣe é bákan náà. Tiwọn ò rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó le bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń rí lára àwọn tí ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu nìyẹn. Mo fẹ́ tún un tẹ̀ wò, wọ́n ní kí n yọwọ́ ná, kí àwọn kọ́kọ́ nàró.